Nígbà tí Àìsàn Òbí Bá Kọjá Ìwòsàn

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ìyè, tí Ó sì dá ikú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Isilaamu, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú láti bẹ̀rù Ọlọ́hun. Nínú Suuratul-Isrā, Ọlọ́hun so oore ṣíṣe sí òbí mọ́ jíjọ́sìn fún Òun nìkan, Ó sì kọ̀ fún wa láti pòṣé sí wọn nígbà tí wọ́n bá darúgbó sí wa lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ èyí. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá ni ìgbà tí dókítà bá sọ pé àìsàn náà kò ní ìwòsàn mọ́. Ọ̀kan á ní kí á gbé Màmá lọ sí ọsibítù mìíràn. Ọ̀kan á ní kí á gbé wọn lọ sílé. Èyí tí ó wà ní ìlú òyìnbó á ní owó kì í ṣe ìṣòro, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màmá kú. Bí ẹni pé ọwọ́ wa ni ikú wà!

Àwọn Lárúbáwá oko kan bi Ànábì (s.a.w.) léèrè bóyá kí àwọn máa lo oògùn. Ó ní kí wọ́n máa lò ó, nítorí kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun kò pèsè oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Nítorí náà, ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́, tí ó pa òbí tí ìwòsàn ṣì wà fún tì, yóò jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sọ ìtọ́jú di ọ̀ranyàn nígbà tí àǹfààní rẹ̀ kò bá dájú. Ẹni tí ó bá dá ìtọ́jú tí kò wúlò mọ́ dúró, lẹ́yìn tí àwọn dókítà tí ó ṣeé fọkàn tán ti sọ̀rọ̀, kò pa òbí rẹ̀. Hàrámù ni kí á fún aláìsàn ní ohun tí yóò mú ikú rẹ̀ yá.

Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní hospice. Àwọn kan rò pé ilé tí wọ́n ń kó èèyàn lọ láti kú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní UCH, ní Ìbàdàn wa níbí, ẹ̀ka kan wà fún irú ìtọ́jú yìí. Iṣẹ́ wọn ni láti mú ìrora rọlẹ̀, láti dá èébì dúró, láti tọ́jú egbò tí ń rùn, àti láti kọ́ ará ilé bí a ti ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Wọ́n ń lo oògùn morphine fún ìrora jẹjẹrẹ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá wọ̀n ọ́n bí ó ti yẹ, ìrora ni ó ń pa, kì í pa aláìsàn.

Ta ni yóò wá yan ìtọ́jú? Nígbà àìsàn tí ó gbẹ̀yìn, Ànábì (s.a.w.) tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n máa tọ́jú òun ní ilé Aisha, wọ́n sì gbà. Bukhari tún gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Aisha pé nínú àìsàn náà, wọ́n ń da oògùn sí i lẹ́nu, ó ń ṣe àmì pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aláìsàn kò ṣá fẹ́ràn oògùn. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó bi wọ́n pé ṣé òun kò ti kọ̀ fún wọn ni? Ó sì pàṣẹ kí wọ́n da oògùn náà sí ẹnu gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé, àfi Abbas, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí hadiisi yìí. Èyí tí ó hàn sí mi ni pé aláìsàn sọ ohun tí ó fẹ́, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni kò gbọ́.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó ṣe ìyá mi, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní kí á gbé àwọn lọ sílé, kí àwọn lè máa gbọ́ ìpè ìrun láti ojú fèrèsé àwọn. Èmi tí mo ti ka hadiisi yìí níwájú àfáà mi, èmi ni mo dá wọn lóhùn pé bí ara wọn bá yá, a ó lọ sílé. Mo mọ̀ pé ara kò ní yá. Ohun tí àdúgbò yóò sọ ni mo ń rò: pé àfáà gbé ìyá rẹ̀ wálé kí ó wá kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà ní wọ́ọ̀dù. Òru ni wọ́n kú, kò sì sí ọ̀kankan nínú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí yóò rán wọn létí kálímà ṣahada.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wọn: ibo ni wọ́n fẹ́ wà, ìtọ́jú wo ni ó ti sú wọn, gbèsè ta ni ó wà lọ́rùn wọn. Bí wọn kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí àwọn ọmọ jókòó pẹ̀lú dókítà àti àfáà kan. Kì í ṣe ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ nìkan ni yóò máa pàṣẹ. Ilé kì í sì í fìgbà gbogbo dára ju ọsibítù lọ. Bí ìrora bá le kọjá agbára ará ilé, wọ́ọ̀dù ni àánú. Bí ó bá sì jẹ́ ilé, ẹ má ṣe di ẹrù náà ru ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tàbí ìyàwó ilé kan, kí ẹ wá máa kí i pé ó kú iṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ pín òru ṣọ́. Ẹ ran aláìsàn lọ́wọ́ láti ṣe tayammum bí omi bá ń ni ín lára, kí ó sì kírun ní ìdùbúlẹ̀, pẹ̀lú àmì orí bí kò bá lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun forí jin ìyá mi, kí Ó sì fún gbogbo aláìsàn tí ẹ fi sílẹ̀ nílé wá sí Jímọ̀ òní ní ìtura. Āmín.