Òtítọ́ Nínú Ìtàn Olórin

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọdún ni òǹkọ̀wé í wò kí ó tó kọ ìtàn olórin. Àwọn kan kọ ọ́ pé ní 1948 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá olórin àpàlà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo jáde fún "Olóògbé" Ọba Adébóyè, Orímolúsì ìlú náà. Ṣùgbọ́n 1955 ni ọba yìí wàjà. Ta ní ń pe alààyè ní olóògbé? Àwo ti 1948 kò tà. Lẹ́yìn ikú ọba ni a tún orin náà gbé jáde, tí ó tà wàràwàrà. Ó jọ pé orúkọ àwo kejì ni a fi pe èkínní. Bí a kò bá tún un ṣe, ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la yóò sọ olórin di aríran.