Ẹ Má Lọ sí Àáró Láìmú Ọkọ́ Dání

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ kóòdù ní Yábàá, ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú mi dùn pé ẹ ń pàdé lójúkojú nítorí sọ́fítíwià tí ẹ ń pè ní open source. Ṣùgbọ́n ìwà ọ̀pọ̀ yín níbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ó dé, ẹ ó gba T-shirt, ẹ ó lẹ sítíkà mọ́ ẹ̀yìn laptop, ẹ ó jẹ ìrẹsì, ẹ ó ya fọ́tò, ó di gbére.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn baba wa kì í ṣe oríṣi kan. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé lè bẹ ọ̀wẹ̀: ará, ọ̀rẹ́ àti àna á wá bá a ṣe é, òun náà á fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àáró yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ló máa ń ṣe é láàárín ara wọn: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ẹni tó bá jẹ gbèsè iṣẹ́ tí kò san án, òun nìkan ni yóò máa dá ebè rẹ̀ kọ. Àáró ni ìpàdé tí ẹ ń lọ yìí, ẹ̀yin wá rò pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pín.

Ẹ wo bí àáró yìí ṣe rí láyé kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde iṣẹ́ kan tó ń ṣe. Ó ní eré lòun ń fi ṣe, pé kò ní í tóbi, ó sì béèrè ohun tí àwọn èèyàn máa fẹ́ kó wà nínú rẹ̀. Linux nìyẹn, ètò tó ń darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó fi í sábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tí Richard Stallman kọ: ẹ lè lò ó, ẹ lè yẹ inú rẹ̀ wò, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè pín in, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá pín èyí tí ẹ tún ṣe fún gbọ́dọ̀ rí kóòdù rẹ̀ gbà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan náà tí ẹ̀yin rí gbà. Fóònù Android tó wà lápò yín, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Láyé ọjọ́un, gbígbé Linux sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Àwọn ẹgbẹ́ oníLinux nílùú kọ̀ọ̀kan a yan ọjọ́ kan, kálukú a gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n a jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n títí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò fi dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ lóṣù yìí, òun ni yóò jókòó ti àjèjì lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan ń bí mi nínú. Ẹ ń lo sọ́fítíwià olówó tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ wá ń pe ara yín ní ọmọ open source. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kẹta 1975, àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà kan pàdé nínú gáréèjì Gordon French ní Menlo Park, California; bí Homebrew Computer Club ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níbẹ̀ ni Steve Wozniak ti ń pín àwòrán bí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Apple I, ṣe ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Inú ẹgbẹ́ yẹn náà ni àwọn kan ti ń da sọ́fítíwià BASIC tí Bill Gates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft ń tà kọ, tí wọ́n ń pín in kiri. Ní oṣù Kejì 1976 Gates kọ lẹ́tà gbangba, ó ní olè ni wọ́n ń jà. Èmi kò bá a wí. Wozniak yọ̀ǹda tirẹ̀, Gates kò yọ̀ǹda. Bí owó Microsoft Office kò bá sí, ṣebí LibreOffice tí a kì í sanwó fún wà.

Ọkọ́ wo ni kí ẹ wá mú dání? Kò di dandan kó jẹ́ kóòdù. Bí ìlànà ìlò sọ́fítíwià kan kò bá yé yín, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ló mọ ibi tó rúni lójú jù: ẹ tún ibẹ̀ kọ, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ó bá kọṣẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tí ẹ retí, ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì da ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ sójú rẹ̀ kọ bó ṣe wà. “Kò ṣiṣẹ́” kì í ṣe àlàyé.

Iṣẹ́ kan sì wà tí ọmọ Helsinki kò lè bá wa ṣe. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní ààyè kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Àmì ohùn la ń tò lé lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí àmì náà fi ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ìrísí lẹ́tà. Ta ni yóò kọ́kọ́ rí i bí kò ṣe ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá? Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń túmọ̀ Firefox àti LibreOffice sí onírúurú èdè. Kóòdù YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kún un.

Àwọn òbí yín yóò béèrè pé èló ni wọ́n ń san. Ẹ sọ fún wọn pé wọn kì í sábà san, ṣùgbọ́n orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ wà lára iṣẹ́ náà, agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ lè ṣí i kà. Ẹ má dìde ní ìpàdé àkọ́kọ́ kí ẹ máa wáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá sọ̀rọ̀, ìtìjú ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má dà bo obìnrin tó bá wá kọ́ṣẹ́. Ada Nduka Oyom, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Open Source Community Africa sílẹ̀, obìnrin ni.

Bí ẹgbẹ́ kò bá sí nílùú yín, ẹ dá a sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti tó. Ẹ wá yàrá tó ní iná tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ mú ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, bíi Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ẹ sì pàdé lọ́jọ́ náà bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ló wá, kí ó gbé laptop rẹ̀ kalẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.