Afárá Méjì Tí Thor Kò Lè Gbà

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, jọ wo fíìmù Thor àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi jiyàn pé afárá òṣùmàrè tí àwọn òrìṣà inú rẹ̀ ń gbà wá sáyé kì í ṣe àlọ́, pé sáyẹ́ǹsì ni, àti pé Einstein ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ṣé bí àwọn tó ni ìtàn náà ṣe ń sọ ọ́ sì nìyẹn? Ìyá kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ọmọ náà, etí rẹ̀ mú. Nínú fíìmù tí Kenneth Branagh darí ní ọdún 2011 yìí, Jane Foster, obìnrin tó ń ṣèwádìí ìràwọ̀, dárúkọ afárá Einstein àti Rosen lóòótọ́. Orúkọ náà kì í ṣe àbùmọ́ àwọn onífíìmù. Albert Einstein àti Nathan Rosen tẹ ìwádìí kan jáde ní 1935, afárá sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà fún un, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ìtàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1220, ní Iceland, akéwì àti olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Snorri Sturluson kó ìtàn àwọn òrìṣà àtijọ́ ilẹ̀ Scandinavia jọ sínú ìwé tí à ń pè ní Edda. Nígbà náà, ó ti lé ní igba ọdún tí Iceland ti di ilẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì. Snorri ní Bifröst, afárá àwọn òrìṣà, ni òṣùmàrè tí à ń rí lójú sánmà. Ó ní àwọ̀ mẹ́ta ló ní, àti pé iná tó ń jó ni pupa inú rẹ̀, kí àwọn òmìrán má baà gùn ún dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà. Heimdall ni oníbodè rẹ̀. Oorun Heimdall kò tó ti ẹyẹ, ó sì ń gbọ́ bí koríko ṣe ń hù nínú ilẹ̀ àti bí irun ṣe ń yọ lára àgùntàn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀, mo sì gbà pé Idris Elba, tó ṣe Heimdall nínú fíìmù, mú un bó ṣe yẹ: kì í pariwo, kì í kánjú, ó kàn dúró, ó ń wò.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí, mà. Nínú ìtàn wọn, Thor kì í gba orí Bifröst. Ewì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Grímnismál sọ ọ́: lójoojúmọ́ tí àwọn òrìṣà bá ń lọ ṣèdájọ́ nídìí igi Yggdrasil, ẹsẹ̀ ni Thor fi ń la odò kọjá, odò mẹ́rin gbáko, nítorí pé afárá àwọn òrìṣà ń jó. Afárá náà kò sì ní wà títí. Lọ́jọ́ Ragnarök, ọjọ́ òpin ayé àwọn òrìṣà, nígbà tí àwọn ọmọ Múspell, ọ̀tá wọn, bá gun ẹṣin gba orí rẹ̀, yóò wó. Nínú fíìmù, Thor fúnra rẹ̀ ló fi òòlù fọ́ ọ.

Òòlù náà ńkọ́? Fíìmù ní inú ìràwọ̀ tó ń kú ni wọ́n ti rọ ọ́. Snorri ní àwọn aràrá alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, pé eṣinṣin kan, tí ọ̀pọ̀ gbà pé Loki alárékérekè ni, bu ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì jẹ ní ìpéǹpéjú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èèkù òòlù náà fi kúrú. Òrìṣà àrá ni Thor; nígbà kan rí, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ náà máa ń rí àáké òkúta ayé àtijọ́ he nínú oko, wọ́n sì máa ń pè é ní òkúta tí àrá jù sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń jẹ́ ẹdùn àrá. Ní ti Loki, Odin, bàbá Thor, kò gbà á ṣọmọ bí fíìmù ṣe sọ. Àwọn méjèèjì jọ mulẹ̀ ni. Laufey tí fíìmù fi ṣe ọba òmìrán, bàbá Loki, ìyá Loki ni nínú Edda. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, torí orúkọ ìyá nìkan ló kù fún obìnrin náà nínú ìtàn.

Ó wá kan Einstein. Òun àti Rosen kò wá ọ̀nà ìrìn àjò rárá. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni àwọn ègé kíkéré bí ẹlẹ́kítíróònù: bí gbogbo ìwúwo nǹkan bá kó jọ sí ojú kan ṣoṣo, ìṣirò òòfà Einstein á dàrú níbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá rèé. Ẹ fọkàn yàwòrán aṣọ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ gé ihò sí àárín àwọn méjèèjì, kí ẹ wá rán etí ihò kan mọ́ èkejì. Ojú kan tó ń dàrú yẹn kò sí mọ́, ọrùn tó so aṣọ méjèèjì pọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọrùn yẹn ni wọ́n pè ní afárá.

Ní 1962, ọdún kan náà tí Thor kọ́kọ́ jáde nínú ìwé àwòrán Marvel, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Robert Fuller àti John Wheeler, ṣírò ohun tí ojú ẹni tó bá fẹ́ gba ọrùn náà kọjá máa rí. Ọrùn náà kì í dúró. Bó ṣe ń ṣí ló ń fún pa, kíákíá débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tó ń sá nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè dé òdìkejì kó tó pa dé.

Ẹ rí i pé afárá méjì ni wọ́n rán pọ̀ di ọ̀kan nínú fíìmù yìí, Thor ò sì lè gba ìkankan nínú wọn níbi tí wọ́n ti mú wọn wá. Ti Edda ń jó. Ti Einstein ń pa dé mọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Thor sọ fún Jane pé idán àti sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan náà ni wọ́n nílùú òun. N kò gbà. Sáyẹ́ǹsì tí mo rí nínú fíìmù náà, ọwọ́ Jane ló wà, kì í ṣe lórí afárá. Obìnrin yìí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú àwọn ìwé àwòrán àkọ́kọ́, ń wọn nǹkan, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, nígbà tí àwọn agbófinró sì kó ìwé àti irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bó bá bi yín pé ṣé kò sí ọgbọ́n tí a lè ta sí afárá náà, ẹ sọ ti Carl Sagan, onímọ̀ ìràwọ̀, fún un. Nígbà tó ń kọ ìwé ìtàn Contact, tó jáde ní 1985, ó fẹ́ rán obìnrin inú ìtàn rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, ló bá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kip Thorne, onímọ̀ físíìsì, bó ṣe lè ṣeé ṣe. Thorne jókòó ti ìṣirò. Ní 1988, òun àti Michael Morris tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọrùn náà lè ṣí sílẹ̀ bí ohun kan bá tì í láti inú, ohun tí agbára rẹ̀ kéré sí òfo, tó ń ti nǹkan sẹ́yìn dípò kó fà á mọ́ra. Kò tíì sí ẹni tó rí irú rẹ̀ kó jọ tó èyí tí èèyàn lè gbà kọjá. Ẹ bi ọmọ náà pé kí lòun máa fi ti ọrùn afárá náà kó má baà pa dé. Ohun tó bá fi dáhùn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.