Ọjọ́ Ìbí Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

ÌBÉÈRÈ

Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kent, ní Ìlú Ọba, láti ọdún tó kọjá. A ti ń to ìwé físà tèmi àti tàwọn ọmọ jọ, oṣù January ni ó sì fẹ́ kí a dé. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 12, yóò pé 13 ní oṣù June. JSS2 ló wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pé 15 ní ọjọ́ 28 oṣù August tó kọjá, ó wà ní SS2, ó sì ń ṣe dáadáa. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní grammar school ni kí a wá fún àwọn méjèèjì. Àbúrò mi tó wà ní London ní kí a rọ́jú fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ ní kí n fi ọkùnrin sílẹ̀ fún òun, kó ṣe WAEC rẹ̀ tán. Orí mi ti dàrú. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló dára jù?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìmúra, ìyá wa. Ẹ ó bá ọkọ yín láyọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn, ìyá ọkọ yín ni ẹni tó ń kánjú àtijápa máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ló sì sún mọ́ òtítọ́ jù.

Ní England, wọn kì í wo kíláàsì tí ọmọ ti ń bọ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ọjọ́ kìíní oṣù September sì ni ààlà. Ọmọ tó bá ti pé 15 kí ọjọ́ yẹn tó pé, Year 11 ló máa bọ́ sí lọ́dún náà. Tiyín pé 15 ní ọjọ́ 28 oṣù August. Ká ní ó fi ọjọ́ márùn-ún péré pẹ́ sí i nínú yín ni, Year 10 ni ì bá wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọjọ́ márùn-ún yẹn ló fa gbogbo wàhálà inú lẹ́tà yín.

Year 11 ni wọ́n ń ṣe ìdánwò GCSE. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń gbà tó ọdún méjì, láti Year 10, oṣù May àti June ni wọ́n sì ń jókòó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá wọlé ní January, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló kù fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti ka Macbeth tàbí eré mìíràn tí ilé ẹ̀kọ́ wọn yàn, wọn yóò ti ṣe ìdánwò àṣedánrawò, olùkọ́ yóò ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta oníkálukú lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ pé ọmọ yín kò mọ̀wé. Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò SS2 wa mú un fò kọjá tiwọn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí orí ọmọ pé tó, kò lè dáhùn ìbéèrè lórí ìwé tí kò kà rí. Àmì 9 ló ga jù, 1 ló kéré jù. Ẹni tí kò bá sì rí 4 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, yóò máa kọ́ ọ lọ lẹ́yìn ọdún 16 ni.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Nígbà tí mo kó ọmọ mi lọ, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń lé kiri. Mo rí olórúkọ kan, bọ́ọ̀sì méjì ni ọmọ ń wọ̀ kó tó débẹ̀. Oṣù February ni wọ́n gbà á sí Year 11, mo ń jó, mo ń yọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdánwò ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún kan gbáko ló fi tún un ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó pẹ́ kó tó dárí jì mí.

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe bí ó bá jẹ́ èmi nìyí. Màá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ní àyè nítòsí ibi tí bàbá wọn ń gbé, màá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà á sí Year 10. Òfin gba òbí láyè láti béèrè pé kí wọ́n fi ọmọ sí kíláàsì tí kì í ṣe ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí káńsù ni ìpinnu wà. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún yẹn sínú lẹ́tà, ẹ fi ìwé àbájáde rẹ̀ ti JSS àti SS1 tì í. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kó àwọn méjèèjì lọ. Bí wọ́n bá ní Year 11 dandan, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà mú un. Kó ṣe WAEC rẹ̀ ní SS3. Ọmọ ọdún 16 ni yóò jẹ́ nígbà yẹn, ọ̀nà físà kò tíì dí, nítorí kò tíì pé 18, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì wà fún un níbẹ̀ láti ṣe A-level. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn ló mọ WAEC.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pa nìyí. Ọmọ tó wà lórí físà òbí, tí kò tíì ní ìwé àṣẹ ìgbé títí, kì í sábà san owó yunifásítì bí ọmọ onílé. Owó onílé ní England jẹ́ pọ́ùn 9,535 fún ọdún 2025 sí 2026. Ti àjèjì lè ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, kò sì sí ìjọba tó máa yá a lówó. Ẹ bá ọkọ yín jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní báyìí, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ bá mú lẹ́tà yunifásítì wálé ni ẹ máa gbọ́ ọ.

Ti ọmọbìnrin rọrùn. Year 8 ni yóò wà, kò sí ìdánwò ńlá nítòsí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù Kent nípa ilé ẹ̀kọ́ tó ní àyè. Ọ̀fẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ti àwọn ọmọ yín náà ni. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá kọ̀ ọ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn aṣàyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Ofsted máa ń kọ ìròyìn nípa ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dá gbogbo rẹ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti September 2024. Ẹ ka ìròyìn náà tinútinú, kí ẹ sì wo bí ọ̀nà ṣe jìn sí.

Ọ̀rọ̀ grammar school yẹn pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn, tó mọ Ibadan Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, tàbí tó ń gbọ́ nípa CMS Grammar School ti Èkó tó ti wà láti 1859, yóò rò pé orúkọ sẹ́kọ́ńdírì lásán ni. Ní England, 163 péré ló kù, Kent sì wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ Year 6 ni àwọn ọmọ Kent sì ń ṣe é. Ó ti kọjá lórí àwọn tiyín, àfi bí àyè bá ṣí sílẹ̀ láàárín ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ náà sì dán wọn wò. Ẹ gbìyànjú fún ọmọbìnrin bí ẹ bá fẹ́, ẹ má fi ṣe àìsùn. Ní ti aládàáni, ìjọba ti fi owó orí ìdá 20 nínú 100 lé owó wọn láti January 2025. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kan kò ní gbé e, kí àbúrò yín má bínú.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò sí nínú lẹ́tà yín. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní Ìbàdàn kì í wo àgbà lójú tí àgbà bá ń bá a wí. Ó ń wolẹ̀, ó dákẹ́, ó ń dúró kí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ní England, olùkọ́ lè rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ ni, tàbí pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Mo ti rí ọmọ tó mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè, tí wọ́n fi sí àárín àwọn tí kò lè kàwé dáadáa, nítorí kò nawọ́ sókè rí. Láti òní, ní ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo yín lójú, kí wọ́n sì máa béèrè "kí ló dé" láìjẹ́ pé ẹ pè é ní ìwọ̀sí. Yóò ṣòro fún ẹ̀yin ju àwọn lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí ẹgba ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n pé ohun tí ọmọ bá ṣe kì í fò wọ́n. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń pe bàbá lórí fóònù.

Ẹ bi ọkùnrin náà léèrè pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 15 ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lórí ibi tí yóò gbé. Kí ẹ sì rí ìdáhùn lẹ́tà Year 10 yẹn gbà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.