Kámẹ́rà tí ń Ṣọ́ Ilé

Onílé tí ó bá fẹ́ ra kámẹ́rà tí yóò máa ṣọ́ àyíká ilé rẹ̀, ibi tí àwòrán yóò máa wà ni kí ó kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ a máa fi í pamọ́ sínú káàdì tí ó wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Bí olè bá já a lọ, ó kó ẹ̀rí lọ nìyẹn. Èyí tí ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán rẹ̀ wà nínú yàrá tí a tì ni ó sàn jù, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga. Èyí tí a kọ IP66 sí lára a máa fara da òjò àti eruku ọyẹ́. Kí a gbé e sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe sí oòrùn tàbí balùwẹ̀ aládùúgbò. Bátìrì ṣe dandan níbi tí iná mànàmáná kì í dúró. Kí a sì dán an wò lóru.