Ìwé Ìjábọ̀ Kànga

Ilẹ̀ Kétu ga, omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi àmù gbe omi òjò pamọ́.

Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu báyìí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ ṣiṣẹ́ kànga tán, ó ku ìwé ìjábọ̀. Ẹnì kan á kọ bí kànga ṣe jìn tó. Ẹlòmíràn á ṣírò owó páìpù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ kà á. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ mítà 80, tí èkejì ṣírò 60, páìpù kò ní kan omi.

Ibi tí iṣẹ́ ti kùnà ńkọ́? Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ń tini lójú. Ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́la, ìwé yẹn ni yóò bá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí páìpù kò ní tó?