Fóònù Ọwọ́ Wa àti Ìbàlẹ̀ Ọkàn

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí. A kò ní kí ẹ jù ú nù o. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìròyìn ará ilé náà wà níbẹ̀. Ohun tí à ń bèèrè ni pé: kí ni ó ń ṣe fún ọkàn ẹni tó tẹjú mọ́ ọn láti àárọ̀ di òru?

Ní ọdún 2018, Melissa Hunt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 143. Wọ́n ní kí apá kan máa lo Facebook, Instagram àti Snapchat bí wọ́n ti ń lò wọ́n tẹ́lẹ̀. Apá kejì kò gbọdọ̀ lo èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju ìṣẹ́jú 10 lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dínkù lára apá kejì yìí, pàápàá lára àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ̀ lára ṣáájú. Èyí tó jọ wá lójú jù ni pé àìbalẹ̀ ọkàn dínkù díẹ̀ lára àwọn tí wọn kò dín lílò wọn kù pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí rò pé ṣíṣọ́ ara ẹni ló fà á, nítorí gbogbo wọn ló ń fi àwòrán ohun tí fóònù wọn kà nípa lílò wọn ránṣẹ́.

Kí ló ń da ọkàn rú níbẹ̀? Ìfiwéra ni. Ẹni tó ń wo aṣọ ìgbéyàwó ẹlòmíràn kò rí gbèsè tó wà nídìí rẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ló rí, ó sì fi wé gbogbo ayé tirẹ̀. Ní ọdún 2021, Frances Haugen, tó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook, tú àwọn ìwé abẹ́lé ilé iṣẹ́ náà síta. Ìwádìí wọn fúnra wọn fi hàn pé nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìrísí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn, ìdá 32 nínú 100 sọ pé Instagram mú un burú sí i. Àwọn tó kù kò sọ bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ apá ibi tí àbúrò rẹ̀ wà?

Ẹni tí kò lè sùn mọ́, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ó ń rò pé ikú yá ju ayé lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ti fóònù. Ẹ má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn ènìyàn a máa fi orúkọ Àró ní Abẹ́òkúta bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ni, aláìsàn ni wọ́n sì ń tọ́jú níbẹ̀.